Sátidé Bàbá Alọṣọ

Ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn tí a ti ń ṣiṣẹ́, Rọra là ń pe ọkùnrin tó ń da aṣọ sínú ẹ̀rọ. Kì í ṣe ìwà ló fi gba orúkọ náà, káàdì tí a fi ń ṣeré ni. Bí káàdì rẹ̀ ò bá dáa, á máa pariwo bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Bó bá dáa, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á fi díẹ̀ lélẹ̀, á mí kanlẹ̀, kí ẹni tó kọjú sí i má baà sá. Á wá kó gbogbo rẹ̀ mọ́ra, á ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Owó kọ́ là ń fi ta á. Igi ìṣáná kan dúró fún Sátidé ìsinmi kan pàtó: ẹni tó bá pàdánù á bá ẹni tó jẹ ṣe iṣẹ́ Sátidé rẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, ó ku Rọra àti Bàbá Alọṣọ lórí tábìlì. Rọra ló máa ṣiṣẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ọjọ́ náà gan-an, laago mẹ́sàn-án àárọ̀, ni ọmọbìnrin bàbá máa gba ìwé-ẹ̀rí nọ́ọ̀sì. Bàbá fúnra rẹ̀ ló lọ yunifọ́ọ̀mù ọmọ náà. Gbogbo wa la mọ̀. Ó ti fi igi ìṣáná Sátidé náà sápò àyà, kó má baà fi ta.

Ọba mẹ́ta àti ayaba méjì ló wà lọ́wọ́ Rọra, káàdì tó ṣòroó borí. Ó fi igi kan ṣoṣo lélẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣe mí jẹ́jẹ́ o."

Bàbá fi tirẹ̀ sí i. Rọra tún fi ẹyọ kan sí i, ó ń fọwọ́ pa ojú. Igi iwájú bàbá tán. Ó wo káàdì rẹ̀, ó fọwọ́ kan àpò.

"Ọmọ mi, ṣé kí n fi èyí sí i?"

Ta ní ń béèrè irú ìyẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń bá a ta? Ọmọ ló pè é. Rọra ì bá ní rárá.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀, sà," ló wí, jẹ́jẹ́.

Bàbá fi í sí i. Rọra tú káàdì rẹ̀ sílẹ̀, ó jẹ, kò pa òwe kankan. Àwa tó ń wòran náà kò sọ̀rọ̀, ojú sì ń tì mí títí dòní.

Rọra fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Ó fẹ́ lọ gba iṣẹ́ rẹ̀ padà ní kùtùkùtù Sátidé, ṣùgbọ́n ìtìjú mú un mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá ohun tó máa sọ. Nígbà tó fi dé, aago mẹ́wàá ti kọjá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Mo ti dé."

"Wọ́n ti ṣe é tán." Kò bínú. Ó nawọ́ sí ògiri, níbi tí ẹ̀wù iṣẹ́ Rọra kọ́ sí, tí kọ́là rẹ̀ dúró ṣinṣin. "Mo bá ọ lọ̀ ọ́. Ó rún tẹ́lẹ̀."

Rọra wọ ẹ̀wù náà. Kò mọ ibi tí yóò gbójú sí.