Ìbọn Tó Wà Nínú Àpótí Aṣọ Ìyàwó Mi

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń kí èèyàn káàbọ̀ sí yàrá wa ní Clinton, ìlú kan nítòsí Washington ní Amẹ́ríkà. Ìyàwó mi máa ń kó àwọn hóró funfun náà sáàárín aṣọ rẹ̀ kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n, òórùn náà á sì máa jáde láti inú àpótí onígi tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wa, pàápàá lọ́sàn-án ìgbà ooru tí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé. Láti Ìbàdàn ni àpótí náà ti bá a wá. Aṣọ ìgbéyàwó wa wà nínú rẹ̀, àti àwọn ìró tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, àti àdìrẹ kan tó ti ṣá tán tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù kí a tó kúrò nílé. A ò wá òmíràn, nítorí ta ni yóò lọ máa ṣí àpótí aṣọ obìnrin nínú ilé rẹ̀? Ibẹ̀ ni mo gbé ìbọn mi pa mọ́ sí.

Ó yẹ kí n sọ bí ìbọn ṣe dé ọwọ́ ọkùnrin tó lọ sí yunifásítì nítorí àtidi olùkọ́ ìtàn. Nígbà tí a dé ilẹ̀ yìí, ìwé ẹ̀rí mi kò ṣí ilẹ̀kùn kankan fún mi. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ló ṣí i. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ńlá kan ní Washington, ìbọn ìléwọ́ ní ìbàdí mi, ìwé ìtàn lábẹ́ tábìlì fún ìgbà tí kò bá sí ẹni tó ń wọlé. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo dá ìbọn wọn padà fún wọn, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára, wọ́n sì ti fọ́ ilé méjì ní òpópónà wa lọ́dún yẹn. Mo ra tèmi. Ìyàwó mi kò fẹ́ ẹ. Ó ní, "Bàbá wọn, tẹ́ ẹ bá máa gbé e wọlé, ẹ má fi hàn mí, ẹ má sì sọ ibi tó wà fún mi." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo fi ìborùn rẹ̀ aláwọ̀ ewé kan tí kò lò mọ́ wé e, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí náà, pẹ̀lú ọta nínú rẹ̀, nítorí mo rò pé olè kì í dúró de ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọta kiri.

Bàbá mi náà ní ìbọn, ṣakabùlà kan tó fi ń lé ọ̀bọ kúrò nínú oko kòkó. Orí àjà ló máa ń wà. Kò sí àgádágodo lára rẹ̀. Ojú bàbá wa ni àgádágodo rẹ̀. Àwa ọmọ mẹ́jọ máa ń gbálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ láìgbójú sókè, kò sì sí ẹni tó dán an wò nínú wa. Ohun tí mo gbé wá sí Amẹ́ríkà nìyẹn, pé ọmọ tí a bá kọ́ dáadáa kì í fọwọ́ kan ohun àgbà. Mo kàn gbàgbé pé bàbá mi kì í sùn lọ lórí àga nígbà tí ọmọ ń ṣeré nínú ilé.

Ọmọbìnrin mi àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Laurel, ìlú kan tí kò jìnnà sí wa. Nọ́ọ̀sì ni ọmọbìnrin mi. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé ọmọ rẹ̀ wá lọ́jọ́ mẹ́ta tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ti pé ọdún mẹ́rin nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Dádì, ẹ má bínú o. Ìbọn yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ti tì í pa?" Ọmọ tí mo bí ló dúró tó ń bi mí bí ẹni ń bi ọmọ iṣẹ́. Mo ní, "Ó wà níbi tó dáa." Ó wo ojú mi, ó wo ojú ìyá rẹ̀, kò sì tún bi mí mọ́. Ẹ̀kọ́ ilé tí èmi fúnra mi kọ́ ọ ló pa á lẹ́nu mọ́. Mo ti ronú lórí ìyẹn láìmọye ìgbà.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ìyàwó mi àti ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Ó ti mú un lọ síwájú àpótí náà, bí ìyá rẹ̀ ti mú òun náà lọ síwájú rẹ̀ nígbà kan, ó ti sọ fún un pé gbogbo aṣọ inú rẹ̀ tirẹ̀ ni lọ́jọ́ iwájú. Ọmọ ọdún mẹ́rin kì í dúró de ogún. Ìyàwó mi kò mọ̀ pé ìbọn wà nínú àpótí, èmi kò mọ̀ pé àpótí ti ní ẹni tuntun tó ni ín. Bí tọkọtaya ti lè fi ogójì ọdún gbé pọ̀ kí wọ́n má sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kí wọ́n sọ, ẹnikẹ́ni tó ti ṣègbéyàwó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni. Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà nínú kíṣìnnì, èmi ti tòògbé nínú pálọ̀. Ọmọ náà wọlé wá pẹ̀lú ìró tó dì mọ́ àyà, tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi nǹkan wé orí. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń sọ, àfi orúkọ tó ń pè mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò mí, èmi ni ìyàwó." Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ìborùn aláwọ̀ ewé ló wà lórí rẹ̀.

Mo ní, "Níbo lo ti rí ìyẹn?"

"Nínú àpótí mi. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀, ó wúwo. Mo gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì."

N kò mọ bí mo ṣe dé yàrá. Ìbọn náà wà lórí ìrọ̀rí mi. Ó ti tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì fi etí aṣọ ìbora bò ó dé àárín, bó ṣe máa ń ṣe fún bèbí rẹ̀. Mo yọ ọta rẹ̀. Nígbà tí mo yíjú padà, ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo ẹ̀wà.

Ó ní, "Inú àpótí mi?"

Mo fẹ́ sọ pé òun ló ní kí n má sọ ibi tó wà. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọ̀nà yàrá, ó ń tú ìborùn náà kúrò lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò pariwo. Ìbá sàn fún mi kó pariwo. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa pe ìyá ẹ̀. Èmi kọ́."

Mo pè é. Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò yọ nǹkan kan kúrò. Lẹ́yìn náà ló ní, "Dádì, mo bi yín."

Mo ní, "O bi mí."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ jù ú nù. Ilé yín ni. Àmọ́ mi ò ní lè gbé ọmọ mi wá mọ́, àfi tí mo bá fojú ara mi rí i pé ẹ ti tì í."

Ó fi ọmọ náà sí ilé ìtọ́jú ọmọdé kan ní Laurel. Ìyàwó mi kó gbogbo aṣọ jáde kúrò nínú àpótí, ó sá wọn sórí igi ẹ̀yìnkùlé bí ẹni ń wẹ ibi kúrò lára wọn. Èmi ti ìbọn mọ́ inú àpótí irinṣẹ́ mi, mo sì jókòó. N kò ní parọ́, n kò lọ ra nǹkan kan ní ọ̀sẹ̀ yẹn, tàbí ọ̀sẹ̀ kejì. Mo ń dúró kí ọmọ mi pe mí kó sọ pé òun le jù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi dúró. Ilé dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ ohùn fíríìjì.

Ọmọ náà ló pè, ó gba fóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mi ò ní ṣí àpótí yẹn mọ́. Mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n wá." Ó ti rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ òun. Ìgbọràn tí mo gbẹ́kẹ̀ lé látọjọ́ yìí nìyẹn, ó dé létí mi látẹnu ọmọ tí kò ṣẹ̀, ojú sì tì mí. Mo ní kó fún bàbá rẹ̀ ní fóònù. Mo ní, "Ṣé àyè máa wà fún ẹ lọ́jọ́ Sátidé? Mo fẹ́ kó o gbé mi lọ síbi kan."

Ọmọ Ìbàdàn ni ọkọ ọmọ mi, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó dé. Ó ṣì máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo sì máa ń sọ fún un pé kó rọra ṣe pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí a lọ ń ta irinṣẹ́ ọdẹ àti ti apẹja. Ẹni tó dá wa lóhùn jẹ́ ọkùnrin dúdú ọmọ ilẹ̀ yìí, bóyá ẹgbẹ́ mi, awò ojú ní iwájú orí rẹ̀. Mo sọ fún un pé owó ìfẹ̀yìntì ni mò ń ná, àpótí irin tí wọ́n ń pè ní séèfù ni mo fẹ́, èyí tí kò wọ́n. Àwọn tó kọ́kọ́ wà lójú ọ̀nà ga bíi fíríìjì. Mo wo iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn, mo sì kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì wọ yàrá obìnrin. Mo bẹ̀rẹ̀ síbi pẹpẹ ìsàlẹ̀, mo gbé èyí tó kéré jù, mo ní, "Èyí tó."

Ọkùnrin náà gbà á lọ́wọ́ mi. Ó tì í, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lórí lẹ́ẹ̀kan bó ṣe ń yí ọwọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn sì là. Ó ní, "Ọmọ tó ń ṣeré lè ṣe ohun tí mo ṣe yìí." Ó wá bi mí pé, "Ta lẹ fẹ́ tì í mọ́? Olè ni àbí ọmọ?"

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ní ìbọn yẹn, olè nìkan ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi. Mo ní, "Ọmọ ọmọ mi." Ọkọ ọmọ mi yíjú sí ibi tí wọ́n kó ìwọ̀ ẹja sí.

Ọkùnrin náà ní kí n má da ara mi láàmú nítorí àwọn gíga yẹn. Ó ní èyí tó bá mi mu ni èyí tí gbígbá kò lè ṣí, tó ní ihò nísàlẹ̀ tí a lè fi bóòtù onírin dè é mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ, tí ọwọ́ mi sì lè ṣí láìtanná. Ó gbé ọ̀kan tó ń ka ìtẹ̀ka wá. Mo tẹ ìka mi mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń ké, ó ń kọ̀ mí. Ó ní bó ṣe máa ń ṣe fún àgbàlagbà nìyẹn, àwọ̀ ìka wa ti jẹ.

Ọkọ ọmọ mi ní, "Dádì, abọ́ tí Mọ́mì ń ní kẹ́ ẹ fọ̀ ti pọ̀ jù, sà."

Mo ní, "Ìwọ náà ń bọ̀ wá débẹ̀."

Èyí tí a mú nígbẹ̀yìn kò ju búrẹ́dì méjì tí a tò léra lọ, ó ní bọ́tìnnì nọ́ńbà lójú, kọ́kọ́rọ́ kan fún ìgbà tí bátìrì bá kú. Mo gbá a lórí fúnra mi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò mira. Ọkọ ọmọ mi fẹ́ sanwó, mo kọ̀. Èmi ni mo ṣàṣìṣe, èmi ló yẹ kí n san án.

Ọkọ ọmọ mi lu ihò mẹ́rin sílẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ yàrá wa, èyí tí èèyàn lè wọ inú rẹ̀, ó sì dè é pinpin. Mo fẹ́ fi ọjọ́ ìbí ọmọ náà ṣe nọ́ńbà rẹ̀. Ó mi orí, ó ní, "Ìyẹn nìyàwó mi máa kọ́kọ́ tẹ̀, sà." Mo wá òmíràn. Nígbà tó lọ tán, ìyàwó mi wá dúró tì mí.

"Nọ́ńbà wo lẹ fi sí i?"

"Ṣebí o ní o ò fẹ́ mọ̀."

"Àìmọ̀ yẹn ló fẹ́ pa wá. Ẹ sọ ọ́ sí mi létí."

Mo sọ ọ́ sí i létí, àwa méjèèjì nínú kọ́bọ́ọ̀dù bí ọmọ tó ń ṣeré bojúbojú. Ó ní kí n tún un sọ. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, ó tì í padà, kò sì wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ọmọbìnrin mi dé. Ọkọ rẹ̀ àti ọmọ náà dúró nínú mọ́tò. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó dìde, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí i." Mo mú un lọ. Ó kúnlẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa ilẹ̀kùn séèfù náà. Ó mì í. Ó gbá a lórí. Ó tẹ ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀, séèfù náà ké, kò ṣí. Ó tẹ ti ìyá rẹ̀, ó ké. Ó tẹ tèmi.

"Ta ló mọ nọ́ńbà ẹ̀?"

"Èmi àti ìyá rẹ."

"Ọta ńkọ́?"

"Ó wà lọ́tọ̀, ó ní àgádágodo tiẹ̀."

"Kọ́kọ́rọ́ séèfù ńkọ́?"

Mo fa okùn tó wà lọ́rùn mi jáde láti abẹ́ ẹ̀wù, mo fi hàn án. Ó tún fa ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dìde. Ó ní, "Ẹ ṣé, Dádì." Ó jáde lọ pe àwọn tó wà nínú mọ́tò, nígbà tí wọ́n sì wọlé, ó gbé àpò aṣọ ọmọ náà lé ọwọ́ mi, kì í ṣe ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé, ó ti ń ka ìwé sí mi létí nígbà tí ojú bá ń ro mí. Títí di ọjọ́ ogbó mi yìí ni mo fi gbà pé kí ọmọ má bi bàbá rẹ̀ léèrè ni ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró lẹ́yìn ọmọ mi lọ́jọ́ náà, tí mo ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe kúnlẹ̀, tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ fa ilẹ̀kùn tí bàbá rẹ̀ tì, n kò rí ìwà àfojúdi kankan níbẹ̀. Ó ń wá ìdí tí yóò fi lè gbé ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ fún un nílé ayé fún mi ṣọ́, ó sì ń fa ilẹ̀kùn náà bí ẹni tó ń gbàdúrà kó má ṣí.