Ìyá Aránṣọ àti Ọ̀rọ̀ Tí A Kì í Sọ ní Ilé Ìtùnú

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó dá Ìyá Aránṣọ, tí ó fún un ní ọwọ́ tí ó rọ̀ àti àyà tí kì í sá fún ìrora ẹlòmíràn. Bí ó ti wà láàyè láàrin wa, oore ọ̀fẹ́ ni.

Ilé ìtùnú ni à ń pe ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn ti kọjá agbára oògùn, kí ìrora má bàa jẹ wọ́n níyà títí Ẹlẹ́dàá yóò fi pè wọ́n. Ibẹ̀ ni ọkọ Ìyá Aránṣọ kú sí. Nígbà tí àwọn abánikẹ́dùn tú ká tán, obìnrin náà padà síbẹ̀ pẹ̀lú òwú àti abẹ́rẹ́. Ó ń rán aṣọ ìsùn tí ó ṣí lẹ́yìn, tí ẹni tí kò lè gbọ́wọ́ sókè mọ́ lè wọ̀ láìkérora. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé agolo sórí tábìlì ìgéṣọ kí àwọn oníbàárà lè máa fi nǹkan sí i fún oògùn ìrora.

"Ìyá, agolo yín yìí kì í yó ni?" oníbàárà kan bi í.

"Báwo ni yóò ṣe yó? Gbogbo ohun tí ẹ bá fi bọ́ ọ, ẹlòmíràn ló ń gbé e fún."

Òfin kan wà ní ilé ìtùnú náà. Níta, bí a bá kí aláìsàn, "Ara á yá" ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa. Àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, a kì í sọ ọ́, nítorí ó lè di ìlérí tí ọmọ ènìyàn kò lè mú ṣẹ. Ìyá Aránṣọ ni ó ń kọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ̀ǹda ara wọn pé kí wọ́n sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mo wà lọ́dọ̀ yín." Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì, awakọ̀ àgbà kan tí ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé a dá a lóhùn pé, "Ta ló sọ fún ọ? Àbí dókítà ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà tí ara mi kò tíì gbọ́?" Gbogbo yàrá a bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó yá, wọ́n gbé àbúrò Ìyá Aránṣọ wọlé, èyí tí ó pọ̀n dàgbà. Ó ti gbẹ bí igi. Ọmọ kan ṣoṣo ni àbúrò yìí bí, onídìrí ní ìlú mìíràn; láti ìgbà tí ọmọ náà ti fẹ́ ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ kọ̀, wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ara mi á yá?"

Ẹnu Ìyá Aránṣọ sì ṣáájú rẹ̀. "Á yá."

"Tó bá yá, èmi fúnra mi ni n ó lọ bá ọmọ mi. N ò fẹ́ kó bá mi nílẹ̀ báyìí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Ọjọ́ ń lọ, ohùn aláìsàn ń rẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà gbọ́ ohun tí ó sọ fún un, ó pe Ìyá Aránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ìyá, ẹ̀yin náà?"

Ìyá Aránṣọ gbàdúrà láìla ẹnu, ó sì padà wọlé lọ jókòó ti àbúrò rẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ara yìí kò ní yá."

Àbúrò rẹ̀ yíjú sí i. "Ẹ ò parọ́ fún mi rí láti kékeré. Ìyẹn ni mo ṣe rò pé bóyá Ọlọ́run ló bá yín sọ ọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ bá mi pe ọmọ mi."

Ọmọ náà dé lọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ ti ibùsùn.

"Mọ́mì, mo dé."

"O pẹ́." Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "Èmi náà pẹ́. O mà rù o. Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà níta. Ẹ̀rù yín ń bà á."

"Kí ló kù lára mi tó lè dẹ́rù bà á? Ní kó wọlé."

Ọkùnrin náà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ la ẹnu láti súre fún un, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde mọ́. Ó kàn gbé ọwọ́ lé e lórí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti sùn nínú Olúwa.

Ìyá Aránṣọ ni ó wẹ̀ ẹ́. Ó mọ̀ pé àwọn ọjọ́ tí irọ́ òun jẹ ni àbúrò òun ṣì ní ohùn tí ì bá fi súre. Ó ti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà, ọmọ náà sì fà á mọ́ra. Síbẹ̀, a ń rí i nígbà mìíràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí ẹ̀rọ kò sì yí.

Kí Olúwa, tí ó mọ ohun tí a ì bá ti sọ, tu Ìyá Aránṣọ nínú. Ire tí ohùn kò gbé jáde, kí Ó fúnra Rẹ̀ sọ ọ́ sórí ọmọ náà àti ọkọ rẹ̀. Kí ìjà má ṣe sùn nínú ilé wọn mọ́, kí àlàáfíà sì jí bá wọn ní òròòwúrọ̀. Àmín.