Sáìtì Tí Màmá Máa Ń Pa

Mo máa ń tètè bínú. Gbogbo ẹbí wa ló mọ̀ ọ́n mọ́ mi, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Ìbínú ló jẹ́ kí n kọ́ bí ènìyàn ṣe ń ní sáìtì íńtánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀, kì í ṣe pé mo lọ sílé ìwé ẹ̀rọ. Ibi ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́ kan ní Kudenda, ní Kaduna, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe kò ju kí n mọ ibi tí páálí kọ̀ọ̀kan wà, kí n sì lè fà á jáde nígbà tí wọ́n bá bèèrè rẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú ni pé wọ́n jí fóònù ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìbàdàn. Inú fóònù yẹn ni ohùn bàbá wa wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣàdúrà fún wa ní oṣù tí wọ́n kú. Kò sí ẹlòmíràn tó ní in. Bàbá lọ lẹ́ẹ̀kan, ohùn wọn tún wá bá olè lọ. Mo ní kí n tètè wá ibi ìpamọ́ fún àwọn àwòrán tó kù lọ́wọ́ èmi kí tèmi náà tó rìn. Àwọn tó ń bá ènìyàn tọ́jú nǹkan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní kí n máa san dọ́là lóṣooṣù. Mo fi káàdì mi sí i, wọn ò gbà á. Mo tún fi í sí i, wọn ò gbà á. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ilé bàbá mi wà ní Kabala Doki, yàrá mẹ́rin ló ní. Kí ló dé tí àwòrán wọn yóò fi máa ṣe ayálégbé lọ́dọ̀ àjèjì?

Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, mo mú èyí tí ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá. Ẹni tó ń tà á wò mí tàánú-tàánú. “Hajiya, wannan fa ba ya nuna komai,” ó ní, pé kò ní fi ohunkóhun hàn mí. Mo ní, “Na sani. Shi nake so.” Mo mọ̀, òun gan-an ni mo sì fẹ́. Ó ní kí n tún ronú. Kò yé e pé kọ̀ǹpútà tí yóò kàn jókòó sílé máa tọ́jú nǹkan kò nílò ojú. Ikùn tó gba ẹrù ló nílò, ti èyí sì tóbi. Nígbà tí mo délé, mo fi wáyà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n Màmá, mo ń fi ojú tẹlifíṣọ̀n ríran. Sátidé mẹ́ta ni Màmá ò fi rí eré tí wọ́n ń wò, wọn ò sì jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Iná ìjọba, bó bá wù ú ló ń dé, nítorí náà mo ra sólà kékeré kan àti bátìrì tí wọ́n ti lò rí. Oníṣẹ́ iná fi súìṣì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pálọ̀ níbi tí ó rọrùn fún un, èmi náà ò sì rí nǹkan kan wí sí i. Íńtánẹ́ẹ̀tì ló wá fojú mi rí màbo. Ráútà tí à ń ra dátà sí kì í fún ilé ẹni ní àdírẹ́sì tó dúró lójú kan. Bó ti rí lónìí kọ́ ni yóò rí lọ́la. Mo ń kàwé lórí fóònù nínú kẹ̀kẹ́, mo ń kà á nígbà oúnjẹ ọ̀sán, títí mo fi rí àwọn kan tó ń fi ọ̀fẹ́ dúró bí ẹni tó wà ní ìta gbangba, tí wọ́n ń júwe ilé wa fún ẹni tó bá ń bọ̀. Oṣù méjì ni mo fi ń ṣe é. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ṣí i ní Ìbàdàn tí àwòrán Bàbá yọ sí wọn, mo jó yí pálọ̀ ká, Màmá sì bi mí bóyá ọkọ ni mo rí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwòrán nìkan ló wà lọ́kàn mi. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ pé àwọn yóò wá gbé Màmá lọ sí Ìbàdàn. “O ń jáde láago méje, o ń wọlé láago mẹ́fà,” wọ́n máa ń sọ fún mi. “Bí nǹkan bá ṣe Màmá láàárín, ta ni yóò mọ̀?” Màmá ní àwọn ò lọ síbì kankan. Ìyàwó tuntun ni wọ́n nígbà tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Kaduna, Kaduna ni wọ́n sin ọkọ wọn sí. Wọ́n ní ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ àwọn nìkan ló mọ àwọn, ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa àwọn kì í rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí ẹnì kan tó kí àwọn. Èmi náà, kí n má purọ́, ẹ̀rù ilé tó dá páropáro ń bà mí. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí Iléyá bá ti kọjá, àwọn ń bọ̀ wá gbé wọn, kò sí àríyànjiyàn.

Mo wá fi sáìtì náà ṣe èsì mi. Láràárọ̀ kí n tó jáde, Màmá á sọ̀rọ̀ sí fóònù mi fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, màá gbé e sórí sáìtì kí ẹ̀gbọ́n mi lè gbọ́ ọ níbi iṣẹ́. Wọ́n á sọ àlá tí wọ́n lá, iye tí iṣu ti dà, ẹni tó bímọ, ewúrẹ́ ará ẹ̀yìnkùlé tó tún wá jẹ ewé wọn. Ní ọjọ́ kan wọ́n ní àwọn rí àwòrán tuntun tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́, pé kí ẹ̀gbọ́n mi dín ẹ̀bà alẹ́ kù. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí, wọ́n ní kí n yọ ìyẹn kúrò. Mi ò yọ ọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n mi fi sọ pé sáìtì ò ṣí. Mo délé, mo bá súìṣì ní pípa. Mo ń múra láti lọ bú oníṣẹ́ iná nígbà tí Màmá sọ pé àwọn ni.

“Ṣé o ní inú ilé yìí ni àwọn àwòrán yẹn wà?” wọ́n bi mí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Àwọn tó ń wò ó, ṣé inú ilé yìí náà ni wọ́n ti ń wò ó?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.”

“Àlàyé wo? Bí ẹnì kan bá wá kí wa tí kò bá ẹnikẹ́ni, ṣé á jókòó sí pálọ̀ máa wo fọ́tò ara ògiri ni? Á padà lọ ni. Bí mo bá ń jáde tí ìwọ náà ò sí ńlé, màá pa á. Bí mo bá dé, kí wọ́n máa wò ó.”

Mo ṣàlàyé títí òógùn fi bò mí. Mo ní kì í ṣe àlejò, pé kò sí ẹni tó máa béèrè omi lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ìwà ilé àwọn kọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, mo fi sẹ́lótéèpù bo súìṣì náà yíká. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n ti ṣí i, wọ́n ká a bí ẹni ń ká aṣọ, wọ́n gbé e sórí tábìlì mi. Inú bí mi, mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n gbé oúnjẹ mi fún aládùúgbò.

Báyìí ni sáìtì wa ṣe di ohun tó ń sùn tó ń jí. Láàárọ̀ Sunday, bí Màmá bá ń lọ sí àsàlátù, ó kú. Ní Wednesday, bí wọ́n bá lọ kí ọ̀rẹ́ wọn, ó kú. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ ń ráhùn pé kí ni mo kọ́ tí mi ò mọ̀ ọ́n kọ́. Nígbà tó yá, wọn ò ráhùn mọ́. Wọ́n á kàn fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé Màmá ti jáde, bí ó bá sì tún ṣí, wọ́n á pe Màmá láti kí wọn kú àbọ̀.

Ní Sunday kan ṣáájú Iléyá, mo lọ sí Barakallahu fún ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Màmá ti sọ ọ́ sórí sáìtì láàárọ̀ pé mo ń lọ jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, pé àwọn ń lọ sí àsàlátù. Nígbà tí mo ń jáde, wọ́n ti wọ aṣọ funfun wọn. Aago mọ́kànlá ń lọ lù nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí.

“Ṣé Màmá ò lọ àsàlátù mọ́ ni?” wọ́n ní.

“Wọ́n lọ. Wọ́n ti múra kí n tó jáde.”

“Kí ló dé tí sáìtì fi ṣì ń ṣí?”

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo rò ó pé Màmá ti gba ọ̀rọ̀ mi nígbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni mo rántí irú ìyá tí mo ní. Màmá ò gba ọ̀rọ̀ mi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo gbé àwo sílẹ̀.

Mo pe fóònù wọn, wọn ò gbé e. Mo pe aládùúgbò wa, obìnrin Hausa tí ògiri kan ṣoṣo pààlà àwa àti òun. “Don Allah, ki leƙa min Mama,” mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi yọjú sí Màmá. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó bá wọn nílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, búta àlùwàlá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti yí sódì. Ó ti tó wákàtí méjì tí wọ́n ti yọ̀ ṣubú. Wọ́n ti ké títí, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ògiri. Obìnrin náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun àkọ́kọ́ tí Màmá wí ni pé kó bá àwọn tún gèlè wé kí àwọn ọkùnrin tó wọlé wá gbé àwọn.

Ọrùn ẹsẹ̀ ló kán. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun dì í nílé ìwòsàn, wọ́n ní á jinná. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú báàgì ńlá kan tó ṣófo, mo sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó sínú rẹ̀. Wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá ní Kabala Doki. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò wọlé, nítorí pé ohun tí wọ́n ti ń sọ láti ọjọ́ yìí ló ṣẹlẹ̀ yìí.

“Màmá, ó tó báyìí,” ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ẹ jẹ́ ká lọ.”

“Nígbà tí mo ṣubú,” Màmá ní, “ta ló kọ́kọ́ mọ̀?”

Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ ti báàgì náà sẹ́yìn.

“Àbúrò rẹ wà ní Barakallahu, kò mọ̀. Aládùúgbò wà lẹ́yìn ògiri, kò mọ̀. Ìwọ tó o wà ní Ìbàdàn lo mọ̀. Bí mo bá wá bá ọ ní Ìbàdàn, tí ìwọ àti ìyàwó rẹ bá lọ síbi iṣẹ́, tí mo ṣubú, ta ni yóò mọ̀?”

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Èmi ń wo àjà. Ojú ń tì mí, nítorí pé súìṣì tí mo bá Màmá jà lé lórí ló gbà wọ́n, inú mi sì ń dùn débi pé mo ní láti bu ètè jẹ.

Ọjọ́ márùn-ún ni ẹ̀gbọ́n mi lò. Wọ́n gbé bíríkìlà wá kó fi sìmẹ́ńtì tó rí hágahàga tí kì í yọ̀ tẹ́ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ ilé kan fún aládùúgbò wa. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Màmá ní kí n fi àlùbọ́sà àti kúlíkúlí kún báàgì náà fún wọn. Mo bá wọn gbé e dé ọkọ̀. Wọ́n ní, “Má fọwọ́ kan súìṣì yẹn o.” Mo ní mo ti gbọ́, sà.

Ọ̀sẹ̀ méje ni Màmá fi wà nílé. Iléyá dé, ó sì kọjá. Fún ọ̀sẹ̀ méjèèje, sáìtì wa ò kú lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mi ò sì gbádùn rẹ̀ rárá. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní bí àwọn bá ti ṣí i láàárọ̀ Sunday tí ó yọ, ńṣe ló máa ń dun àwọn.

Ní Sunday kẹjọ, Màmá wọ funfun, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n ní àsàlátù ti yá. Mo di apá wọn mú. Nígbà tí a dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n dúró, wọ́n na ọwọ́, wọ́n pa súìṣì. A ò tíì rìn dé ibi tí kẹ̀kẹ́ dúró sí nígbà tí fóònù mi dún.

“Sáìtì ti kú,” ẹ̀gbọ́n mi ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń fa imú.

“Alhamdulillah,” ni wọ́n wí.