Ìrun Tí Mi Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Pè

Ẹni tó bá mọ ọkọ mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ohùn wọn ló kọ́kọ́ mọ̀. Làtíìfù Àjíṣafẹ́ wa bọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kàndínlógún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi bọ́ọ̀sì rántí Bàbá Bàrákàt. Làdánì ni wọ́n. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa, inú ilé ni wọ́n sì ti ń pè é, tí a ó ti fèrèsé pa, kí ohùn má baà jáde sí títì.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n pè é síta. Ọdún tí a kó dé estate wa ni. Wọ́n bọ́ sí bákónì, wọ́n ti ìka bọ etí, wọ́n pe ìrun ọ̀sán bí ẹni pé Ìsẹ́yìn ni wọ́n ṣì wà. Kí wọ́n tó parí, aládùúgbò kan ti pe ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá ò bá wa jà, ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú wa ò tíì pé nígbà yẹn. Mo ní kí Bàbá Bàrákàt búra pé wọn ò ní dán an wò mọ́. Wọ́n búra. Ẹ bú mi tó bá wù yín, èmi Mìsítúrà ò fi ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ṣeré.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà rí kókó kan lọ́fun wọn. Ó ní dandan ni kí wọ́n yọ ọ́, kò sì fi bò: ohùn lè bá a lọ. Nígbà tí iṣẹ́ abẹ ku ọjọ́ mẹ́rin, Bàrákàt ọmọ wa ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní ká lọ sí Potogí. Ìlú kékeré kan wà níbẹ̀ lórí òkè, Mértola, tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jẹ́ mọ́ṣáláṣí láyé àtijọ́. Ihò tí ìmáàmù ń kọjú sí ṣì wà lára ògiri.

"Daddy kàn máa wo mihrab yẹn ni," ó ní. "Just us three, Mummy. Ẹ jọ̀ọ́."

Àìsàn wà lọ́fun, a wá ń lọ wo ògiri! Ṣùgbọ́n mo tẹ̀ lé wọn.

Nínú ọkọ̀ ni mo ti rí i tí Bàbá Bàrákàt yọ ike oyin, tí wọ́n ń dà á sínú omi gbígbóná. Wọn kì í mu oyin àfi tí wọ́n bá fẹ́ pe ìrun.

"Kí lẹ ń mu oyin fún?"

"Ọ̀fun ń gbẹ mí ni." Wọn ò wo ojú mi.

A gun òkè náà láàárín ilé funfun, òkúta ojú ọ̀nà ń yọ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Mo ń ṣírò bí wọ́n ó ṣe kó wa dé àgọ́ ọlọ́pàá, tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ó sì kọjá lórí wa. Inú ṣọ́ọ̀ṣì tutù. Obìnrin kan jókòó sídìí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, àwọn àlejò bíi méje ń ya fọ́tò. Àsìkò ìrun ọ̀sán ti tó. Bàbá Bàrákàt bọ́ bàtà.

"Mummy, why is he taking his shoes off?"

Wọ́n lọ dúró síwájú ihò ògiri náà. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ti ìka bọ etí. Obìnrin ẹnu ọ̀nà dìde. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa kíákíá.

Mo sáré. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọkọ mi lẹ́nu.

Mi ò ṣe irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ wọn. Èémí wọn gbóná lọ́wọ́ mi. Wọ́n rọra mú ọwọ́ mi kúrò, wọ́n wọ bàtà, wọ́n jáde.

Obìnrin náà bá Bàrákàt sọ̀rọ̀, ọmọ mi bá yíjú sí mi, omi lé sí i lójú. "Mummy, ó ní òun ń bọ̀ wá sọ fún àwọn people kí wọ́n dákẹ́ fún Daddy ni. She wanted to hear it."

Mo wẹ̀yìn. Àwọn àlejò ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n kọjú sí wa, wọ́n ń dúró.

Mo lé Bàbá Bàrákàt bá níta. Mo kúnlẹ̀ lórí òkúta. "Ẹ padà wọlé, ẹ pè é. Ẹ dárí jì mí."

"Dìde, Mìsítúrà. Mo búra fún ọ, mo sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́. Jẹ́ ká máa lọ."

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere, al-hamdu lilláhì. Kókó lọ. Ohùn náà lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Abdulqoyyum, ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí báyìí, Bàbá Bàrákàt ń jókòó ní sààfù àkọ́kọ́, ìlà iwájú pátápátá, wọ́n ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n tí ọ̀sán bá ti pọ́n, èmi fúnra mi ni mo ń ṣílẹ̀kùn bákónì. Wọ́n á bọ́ síta, wọ́n á ti ìka bọ etí, wọ́n á la ẹnu. Èémí nìkan ló ń jáde. Mo máa ń dúró síwájú wọn, mo ń wo ètè wọn, mo sì ń tún ọ̀rọ̀ ìrun náà sọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń dá làdánì lóhùn, sókè, pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Aládùúgbò tó bá fẹ́ pe ọlọ́pàá, kó pè é.