Ẹni Tí A Ní Ó Ti Kú Fẹ́ Ṣí Àkáǹtì

Ní àdúgbò tiwa ní Ìkòsí, bí àjèjì bá wọ bàtà dídán dé, tó gbé fáìlì sábẹ́ abíyá, tó sì ń béèrè ẹnì kan, ẹni tó ń béèrè ò sí níbẹ̀. Kò gbé ibẹ̀ rí. A ò tilẹ̀ gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Lójú tiwa, ìyẹn kì í ṣe irọ́, ìwà ọmọlúàbí ni. Èmi gẹrígẹrí tí ṣọ́ọ̀bù mi wà ní ìkángun àdúgbò, ojú mi ló ṣe tí wọ́n sẹ́ ọkùnrin kan níṣojú ara rẹ̀, tí òun náà sì bá wọn sẹ́.

Bàbá Ògúntúndé ni wọ́n kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn ni wọ́n ni ilé tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ojú wọn ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, etí wọn náà sì fẹ́ràn ìsinmi, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ṣí fáìlì ní Ketu, Bàbá á gbọ́ ọ ní Ìkòsí. Wọ́n á jáde, wọ́n á dúró lẹ́nu géètì, wọ́n á sẹ́ ayálégbé wọn títí wọ́n á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ ara wọn.

Súmbọ̀ Ọláwuyì ló ń gbé yàrá iwájú nílé náà. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti bí i, Mile 12 ló tọ́ ọ dàgbà, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi lè dá tírélà dúró. Tòmátò ni òun àti ìyá rẹ̀ ń tà, ohun tó sì máa ń bí i nínú ni agbọ̀n. Tòmátò á gun tírélà láti òkè Ọya wá nínú agbọ̀n, nígbà tó bá fi dé Mile 12, ti òkè nìkan ló ṣì ń jẹ́ tòmátò. Ti ìsàlẹ̀ ti di ọbẹ̀, iyọ̀ ló kù. Súmbọ̀ wá lọ ra kéréètì oníke, ó ń fi wọ́n háyà fún àwọn olówò. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi rí i pé tòmátò inú kéréètì kì í ṣomi.

Lọ́dún yìí, ó ní òun ò ní ṣe é bí ọmọdé mọ́. Ó forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀: Súmbọ̀ Crates Limited. Òun ni ọ̀gá àgbà, òun ni akọ̀wé, òun náà ló ń fọ kéréètì. A bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Aunty Limited. Kò bínú. Ilé ìdáná ńlá kan ní Ojota, tó ń se oúnjẹ fún àwọn ilé iṣẹ́, ti gbà láti máa lo kéréètì rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kì í sanwó sínú àkáǹtì ẹnì kan, ti kọ́ńpìnnì nìkan ni. Bí kò bá ní i kí oṣù tó parí, àwọn á mú ẹlòmíràn. Súmbọ̀ ti fi gbogbo ohun tó ní ra kéréètì kún kéréètì nítorí iṣẹ́ yìí. Wọ́n kún yàrá rẹ̀ débi pé orí wọn ló ń sùn.

Ó gba báǹkì lọ. Ṣíṣí àkáǹtì kọ́ńpìnnì ò le, ó kàn jọ ìgbà tí èèyàn bá ń fẹ́ ọmọ olówó ni. Ta ni ẹ́? Ta ló bí ẹ? Ta ló mọ̀ ẹ́ tí òun náà ní láárí? Níbo lò ń gbé, ìwé iná dà? Súmbọ̀ dáhùn gbogbo rẹ̀. Oyin, ọmọbìnrin tó jókòó nídìí tábìlì, rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ma, ó ku ẹyọ kan. Ẹnì kan máa wá verify address yín. Ó kàn máa bi àwọn neighbour bóyá wọ́n mọ̀ yín ni."

"Ìyẹn nìkan?" Súmbọ̀ fọwọ́ gbá tábìlì. "Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ mí!"

Òótọ́ ló sọ. Ohun tó gbàgbé ni pé kí ó sọ fún àdúgbò.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọmọ báǹkì dé, Súmbọ̀ sì ti wà ní Mile 12. Bartholomew lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, bàtà rẹ̀ ń dán, fáìlì wà lábẹ́ abíyá. Bí mo ṣe rí i ni mo mọ̀ pé ó ti tán. Ìyá Nimat ológì ló kọ́kọ́ bá.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, mò ń wá Madam Súmbọ̀ Ọláwuyì."

"Súmbọ̀ báwo?" ni Ìyá Nimat wí. "Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí."

Ìró tó ró mọ́dìí lọ́jọ́ náà, ti Súmbọ̀ ni.

Kí Bartholomew tó yíjú sí ọ̀dọ̀ mi, Bàbá ti jáde. "Ta ló rán ẹ? Ìjọba?"

"Rárá sà. Báǹkì ni."

"Ọmọ ìyá kan náà ni yín." Bàbá ṣí fìlà, wọ́n wo ilẹ̀. Mo rò pé wọ́n á sọ pé àwọn ò mọ̀ ọ́n, bí ìṣe wa. Àṣé wọ́n ti sọ iṣẹ́ náà dọ̀tun. "Ó mà ṣe o. Súmbọ̀ ti kú."

"Ó kú? Ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

Ìyá Nimat káwọ́ lérí. "Èèyàn dáadáa! Súmbọ̀ mi àtàtà!" Obìnrin tí kò gbọ́ orúkọ yẹn rí láìpẹ́ yìí náà ni o.

Bartholomew jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ó kí wa kú ọ̀fọ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó lọ. Bàbá dé fìlà wọn padà, wọ́n wọlé lọ jẹun. Lójú wọn, wọ́n ti gba ẹ̀mí là.

Nígbà tí Súmbọ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Nimat ní kó wá dúpẹ́, pé àwọn ti bá a lé ẹnì kan lọ. Bí Súmbọ̀ ṣe gbọ́ "fáìlì", kò dúró gbọ́ ìyókù. Nígbà tí báǹkì fi máa ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Oyin wò ó, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wò ó.

"Ma, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ ti kú."

"Ta ló pa mí?"

"Landlord yín ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi rèé! Ṣé o ò rí mi ni?"

"Èmi rí yín, ma. System ni ò rí yín."

Oyin bá a bẹ ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n gbà kí Bartholomew padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù gan-an. Ó gbọ́dọ̀ bá orúkọ kọ́ńpìnnì lára ògiri, onílé sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Súmbọ̀ ń gbé ibẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó parí.

Láti ìkóríta ni a ti ń gbọ́ ohùn Súmbọ̀ bọ̀. "Bàbá! Bàbá Ògúntúndé!"

"Ta nìyẹn?"

"Òkú ni! Súmbọ̀ tí ẹ sin láìse sàráà ni!"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo ba orí oníbàárà mi jẹ́. Bàbá jáde, ojú ò tì wọ́n. "Mo gbà ẹ́ sílẹ̀ ni."

"Ẹ gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ oúnjẹ òòjọ́ mi? Bàbá, bí iṣẹ́ Ojota yìí bá lọ, kí ni mo fẹ́ fi gbogbo kéréètì yẹn ṣe? Kí n máa jókòó lé e?" Ó sì jókòó lé ọ̀kan lóòótọ́, ó bú sẹ́kún. Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wa. A ò rí i kí Súmbọ̀ sunkún rí.

Bàbá náà wá ibì kan jókòó. Wọ́n sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí látọjọ́ tí mo ti ń gẹrun fún wọn. Wọ́n ti ní ilé mìíràn nígbà kan rí, lẹ́bàá Ṣángíṣà. Ọ̀dọ́kùnrin kan dé pẹ̀lú fáìlì, ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó ní, "Bàbá, èwo ni ilé yín?" Wọ́n fún un ní omi tútù, wọ́n sì na ọwọ́ sí ilé náà tìyangàtìyangà. Ó fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí ògiri. Kò pẹ́ tí katakata fi dé, ilé di àlàpà.

"Ọwọ́ yìí ni," Bàbá wí, wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. "Òun ni mo fi tọ́ka ilé mi fún wọn. Mi ò na ọwọ́ sí ilé kankan mọ́ láti ìgbà náà. Màá gbìyànjú, Súmbọ̀. Mi ò ṣèlérí."

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, Súmbọ̀ mú Wàsíù akunlé wá láti kọ orúkọ kọ́ńpìnnì sí ògiri. Nínú gbogbo àwọ̀ tí Ọlọ́run dá, pupa ni Wàsíù gbé wá, ó ní ọ̀dà yẹn ló kù nílé. Ó ti kọ S kí Bàbá tó jáde. Ojú tí kì í rí àwo ọbẹ̀ mọ́ rí pupa yẹn. Wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n na apá méjèèjì dí i.

Súmbọ̀ wò wọ́n. Mo rò pé yóò pariwo. "Pa á rẹ́, Wàsíù," ló sọ, jẹ́jẹ́. Ó sáré lọ sí Ketu lọ ra ọ̀dà búlúù.

Kò tíì padà dé tí Bartholomew fi yọ.

Ìyá Nimat kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀, kí ó má baà tún sẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó wá rò pé kí òun bu omi fún àlejò, ni Bàbá bá jágbe mọ́ ọn: "Má fún un lómi!"

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ sí i, sà," ni Bartholomew wí. Ó wo ògiri tí ọ̀dà pupa ti bà jẹ́. "Wọ́n ní kí n tún bi yín. Súmbọ̀ Ọláwuyì, ṣé ibí ló ń gbé?"

Bàbá ṣí fìlà. Wọ́n fi nu òógùn iwájú orí wọn, wọ́n sì tún dé e. Mo ń bínú sí wọn, mo sì ń káàánú wọn, lẹ́ẹ̀kan náà. Súmbọ̀ ò tíì dé. Bartholomew ṣí fáìlì rẹ̀, ó mú bíírò.

Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n nà án gbọọrọ. "Ilé nìyí. Èmi ni mo ni ín. Súmbọ̀ ń gbé ibẹ̀, kò kú. Mo purọ́ fún ẹ." Wọ́n fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ Bartholomew mú. "O ò sì ní lọ kí ó tó dé."

Ọmọ náà ò lè lọ lóòótọ́. Nígbà tí Súmbọ̀ fi sáré dé pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù ọ̀dà, Bàbá ṣì dì í mú. Bartholomew wo obìnrin náà látòkè délẹ̀.

"Madam," ó ní, "ẹ kú àjíǹde."

Wàsíù kọ orúkọ náà ní búlúù, Bartholomew ya fọ́tò rẹ̀, ó lọ. Kí báǹkì tó tilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, nọ́ńbà àkáǹtì ti wọ orí fóònù Súmbọ̀. A jó. Ìyá Nimat ló pariwo jù, ó ní ọ̀rẹ́ òun tímọ́tímọ́ ni. Bàbá nìkan ni kò bá wa jó. Wọ́n gbé kéréètì kan sẹ́nu géètì, wọ́n jókòó lé e, wọ́n kọjú sí ògiri. Ibẹ̀ ni wọ́n wà ní Sátidé. Ibẹ̀ ni wọ́n wà lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ń retí katakata.

Ní Mọ́ńdè, ọkọ̀ ńlá kan yà wọ àdúgbò. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbé fáìlì dání. "Ilé ìdáná Ojota ló rán wa. Níbo ni Súmbọ̀ Crates wà?"

Ká sọ òótọ́, mo ti lanu láti sọ pé a ò mọ̀ ọ́n. Bàbá ti na ọwọ́.

"Ilé yẹn ni," wọ́n wí. "Ó ṣì dúró."