Ayálégbé Inú Ìkarahun Ìgbín

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Erúnmu, akàn tí a mọ̀ kò ju akàn odò lọ, orí ẹyín iná sì ni ọ̀rẹ́ àwa àti òun máa ń parí sí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní abúlé mọ òórùn rẹ̀. Ẹ ó ti máa dá itọ́ mì kó tó jinná. Ta ló gbọ́ pé ènìyàn ń sin akàn? Àfi ọjọ́ tí àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá Dérébà, ti Àgbádárìgì dé pẹ̀lú agolo mílíìkì tí iyanrìn òkun kún inú rẹ̀.

Ohun tó jáde nínú agolo náà, akàn ni níwájú, ìgbín ni lẹ́yìn. Bọ̀dá ní irú akàn yìí kò ní ilé tirẹ̀. Ìkarahun tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀ ló máa ń wọ̀, bó bá sì ti sanra ju ilé náà lọ, á wá òmíràn. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi tí à ń gbé lọ́dọ̀ wọn, wò ó títí, wọ́n ní, "Ayálégbé rèé." Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn.

Èmi àti Ṣadé, ọmọ Bọ̀dá Dérébà, la jọ ń tọ́jú rẹ̀. Ọdún kan péré ni mo fi ju Ṣadé lọ, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà kò gbà kó pe orúkọ mi lásán. "Àǹtí" ni mo ń jẹ́, mo sì ń gbádùn oyè náà gan-an. A bu iyanrìn etí odò sínú ike ìfọṣọ tó ti sán, à ń wọ́n omi sí i, a sì gbé omi oníyọ̀ síbẹ̀ bí Bọ̀dá ṣe wí. Bí a bá ti gbálẹ̀ tán láàárọ̀, tí a pọnmi kún àmù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ là ń sáré lọ. Àgbọn ló fẹ́ràn jù, ìbẹ́pẹ ló tẹ̀ lé e. Ajere tí Ìyá àgbà fi ń fọ irú la fi ń bo ike náà, a ó sì gbé òkúta lé e. Nítorí náà Ayálégbé ń rùn bí irú, kò sì sí ẹni tó bìkítà.

Ṣadé ní àléébù kan: kò sí ohun tó ń rìn tí kì í sun jẹ. Tata, ìrẹ̀, ẹyẹ ẹ̀ga, gbogbo wọn ló ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo yọjú wo ike, ìkarahun òfìfo ni mo bá. Mo gbójú sókè, mo rí Ṣadé nídìí ààrò, ẹnu rẹ̀ dúdú fún èédú. Mo figbe ta: "Ṣadé ti sun Ayálégbé jẹ!"

Ó ń sunkún, ó ń búra pé àgbàdo lòun sun. Ta ló fẹ́ gbọ́? Ìyá àgbà ní kó kúnlẹ̀ nínú oòrùn, kó ká ọwọ́ sókè, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí n kò sọ lọ́jọ́ yẹn: mo ti rí i pé ajere yẹ̀, òkúta sì wà nílẹ̀ níbi tí mo gbé e sí ní ìrọ̀lẹ́ àná. Èmi ni mo gbàgbé láti dá a padà. Mo pa ẹnu mọ́, nítorí mi ò fẹ́ kúnlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Ṣadé fi yan mí lódì. A jọ ń sùn lórí ẹní kan náà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ní ọjọ́ kẹrin, Ìyá àgbà ń gbá ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí wọ́n máa ń da ìkarahun ìgbín sí. Ìgbà tí a máa gbọ́, "Halelúyà! Halelúyà! Ẹ gbà mí o, ìgbín tí mo jẹ ní Sátidé ti jí dìde!" Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyá aládùúrà mọ̀ pé wọn kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré. Omi àdúrà ti dé ọwọ́ wọn, wọ́n ń wọ́n ọn sí ìkarahun tó ń sá lọ. Ṣadé ló bẹ̀rẹ̀ tó gbé e, ọwọ́ akàn pupa yọ síta. Ayálégbé ni! Ó ti kó lọ sí ilé ńlá. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí wọn.

Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè bá wọn rín. Mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ òkúta. Ìyá àgbà ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ àgbà yìí gan-an lo mú un wọ́. Ó yá, kúnlẹ̀ fún àbúrò rẹ." Kí ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò! Ojú tì mí, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ṣadé gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìdí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti yanjú. Àwo kan ṣoṣo la fi ń jẹun. Láfún àti ọbẹ̀ ilá ni. Mo rọra ti ẹja mi sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tì í padà. Mo tún tì í. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹja yín, ẹ̀ ń tì í bí ẹni ń ti mọ́tò bàbá mi." Ẹ̀rín pa wá, láfún fẹ́rẹ̀ẹ́ há mi lọ́fun. Inú mi dùn ju ìgbà tí a rí Ayálégbé lọ. Kí ọyẹ́ tó dé, Bọ̀dá gbé e padà sétí òkun, tòun ti ìkarahun Erúnmu lára rẹ̀.

Lónìí, Ajíbọ́dẹ ni mo ń gbé, Ṣadé wà ní Olódò. Ọmọ méjì ni mo bí. Kálukú ní yàrá tirẹ̀, fóònù tirẹ̀, àwo tirẹ̀. Bí wọ́n bá jà, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá. Ní tiwa, ilẹ̀kùn wo la fẹ́ tì? Ẹni tó bá bínú kọ àwo, ebi ni yóò fi sùn. Lóòótọ́, mi ò ní fi ìkúnlẹ̀ inú oòrùn jẹ ọmọ mi níyà. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá tí wọ́n tún yan ara wọn lódì, mo kó àwo wọn pamọ́, mo bu oúnjẹ àwọn méjèèjì sínú àwo ńlá kan. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n jẹ ẹ́ bí ẹni ń lo oògùn. Lọ́jọ́ kejì, mo wà ní yàrá nígbà tí mo gbọ́ ariwo: "Ẹran mi nìyẹn!" Mo jókòó jẹ́ẹ́, mi ò dá sí i. Ẹni tó ń bá ọ du ẹran ti ń bá ọ sọ̀rọ̀.