Bí Itọ́ Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Tú Ìgbéyàwó Ọmọ Mi Ká

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kàn fẹ́ to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni, kí olúkúlùkù lè mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ mí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun ò mọ̀.

Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Kánádà ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Nínú àṣà wa, ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n", torí pé wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn. Nítorí ohun tó ṣe, "ó" ni màá máa pè é níbí, tí ó bá sì dùn ún, kó wá bá mi. Ọdún Kérésì tí ó wálé, àwọn ará ilé ń retí bàtà àti ìpara. Ìgò oníke tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọkùnrin yìí kó jáde nínú àpótí rẹ̀, ó ní kí àwọn ọkùnrin ilé tutọ́ sí i. Ó ní òun máa kó itọ́ náà lọ fún àwọn kan ní Kánádà, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì sọ bí ìran bàbá wa ṣe ṣẹ̀, àti ibi tó gbà dé ibi tó wà lónìí.

Inú pálọ̀ ilé ẹbí ní Èmùré ni gbogbo wa wà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àgbà, tí wọ́n jẹ́ olórí ẹbí, dìde lórí àga wọn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, jọ́gíráfì ni wọ́n sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí irun wọn fi funfun.

"Ṣé ó máa sọ agbo ulé tí a ti jáde n'Ífẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó máa sọ ọ̀nà tí a gbà wá, láti ìgbà láéláé."

"N kò bèèrè ọ̀nà. Mo mọ ọ̀nà. Agbo ulé ni mo bèèrè."

Ilé ìwé gíga kan ní Ìkẹ́rẹ́ ni èmi ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Mo rọra ní, "Bàbá, kò lè sọ agbo ilé o."

Wọ́n wò mí. "Ìyàwó wa, ẹ bá wa wo ọbẹ̀ lórí iná."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ọkọ mi náà sì bá wọn rín in. Mo fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi wá kí wa kú ọdún. Ọmọ Ìlúmọba ni, olùkọ́ ni, ó sì ní sùúrù ju bó ṣe yẹ lọ. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ti kọjá nígbà náà. Àwọn àgbà ìdílé méjèèjì ti ṣe ìwádìí, wọ́n ti ka bàbá, wọ́n ti ka bàbá bàbá, wọ́n ti rí i pé kò sí ìbátan kankan láàrin wa, wọ́n sì ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ni àbúrò ọkọ mi bá ní ìgò kan ṣẹ́kù.

"Àna wa, ìwọ náà tutọ́."

Ẹni tó ń wá ìyàwó, kí ni wọ́n fẹ́ ní kó ṣe tí á ní òun ò ṣe? Ká ní wọ́n ní kó gun òkè Olósùnta láìwọ bàtà, á gùn ún. Ó tutọ́.

Nígbà tí Àjíǹde ń bọ̀ lọ́nà, àbúrò ọkọ mi pè wá lórí fóònù, èyí tí a ti ń rí ojú ara wa. Olórí ẹbí ti kó gbogbo wa jọ sí pálọ̀, wọ́n wọ agbádá, bí ẹni tó ń retí gómìnà.

"Ẹ̀gbọ́n, èsì ti dé. E-M2 ni wá."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Nọ́ńbà mọ́tò ni?"

"Orúkọ ìdílé bàbá wa nìyẹn, láti ìgbà láéláé."

Ibẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì, ibẹ̀ ló sì burú jù. Kì í ṣe orúkọ ìdílé. Àmì kékeré kan ni, tó yọ lára ọkùnrin kan ní ìhà tiwa ní Áfíríkà níbí, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí kò sí Ifẹ̀, tí kò sí Èmùré, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ ebè. Bàbá ló ń fi í lé ọmọkùnrin lọ́wọ́, ọmọkùnrin náà á fi lé ti tirẹ̀ lọ́wọ́. Kì í bá obìnrin lọ rárá. Ìran ọkùnrin yẹn wá pọ̀ bí eṣú. Àwọn kan jókòó síhìn-ín. Àwọn kan gba ìhà Kamẹrúùnù lọ, pẹ̀lú iṣẹ́ oko àti èdè wọn, wọ́n ń lọ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá ní ilẹ̀ àwọn Súlú. Àwọn mìíràn, wọ́n kó wọn lẹ́rú kọjá òkun, àmì náà sì bá wọn lọ. Gbogbo ọkùnrin tó ń dúró de ọkọ̀ ní gáréèjì Ìkẹ́rẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, agbára káká la fi máa rí ẹni tí kò ní i lára nínú wọn.

Àmọ́ èmi kọ́ ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀.

"Àna wa ńkọ́?" ni olórí ẹbí bèèrè.

"Òun náà, E-M2!" Inú àbúrò ọkọ mi ń dùn. "Ọ̀kan náà ni yín, ẹ̀gbọ́n!"

Nẹ́tíwọ̀kì bá já.

Olórí ẹbí yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n wọ̀ ọ́ padà. "Ó parí. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. N kò ní jókòó sínú ulé yìí kí ọmọ wa lọ fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

"Bàbá," mo ní, "awakọ̀ tó gbé yín wá láti Adó lánàá, E-M2 lòun náà."

"Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ awakọ̀."

Mo yíjú sí ọkọ mi. Ohun tí ọkọ mi sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀." Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ohun tó máa ń sọ nìyẹn, ì báà jẹ́ ilé ló ń jó.

Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n fi mọ, ǹ bá ní kò burú. Ṣùgbọ́n olùkọ́ jọ́gíráfì ni wọ́n. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti wá ìtàn fún un: ọdẹ kan wà nínú ìdílé wa láyé àtijọ́ tó wọgbó tí kò bọ̀ mọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nípa ọdẹ yìí rí. Wọ́n ní òun ló gba ọ̀nà Ìlúmọba lọ, òun ló tẹ agbo ilé àna wa dó. Wọ́n gbé fóònù, wọ́n pe bàbá ọmọkùnrin náà, wọ́n ní kí wọ́n kú àbọ̀ sílé, pé inú àwọn dùn pé àwọn ti rí wọn.

Fóònù náà pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbọ́ èsì láti ẹnu ọ̀nà. "Ọdẹ wo ló sọnù? Ẹ̀yin ni ẹ sọnù! Tí ẹ ò bá fẹ́ fún wa lọ́mọ mọ́, ẹ sọ ọ́, ẹ má sọ ìdílé wa di ohun tí wọ́n ṣà nínú igbó!"

Ọmọ mi, tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn, pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. "Màámi, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ fẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé n kò bá òun rẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún. Aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ aránṣọ.

Ẹkún yẹn ló gbé mi dìde. Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá ìyálé mi, ìyàwó olórí ẹbí. Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n ń bẹ iṣu.

"Ìyálé mi, ọmọ ibo ni yín?"

"Ọmọ Ìlasa. Àbí orí rẹ dà rú ni?"

"Bàbá yín náà ní E-M2. N kò lè búra, torí a ò yẹ̀ wọ́n wò, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú."

Wọ́n dá ọ̀bẹ dúró. "Kí lò ń sọ? Èmi àti ọkọ mi ńkọ́?"

"Gẹ́gẹ́ bí òfin tí wọ́n ṣe ní pálọ̀, ọmọ bàbá kan náà ni yín."

"Pẹ̀lú gbogbo ọmọ tí mo bí fún un?"

"Pẹ̀lú gbogbo wọn, mà."

Ìyálé mi rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí wọn. Wọ́n wé e padà, wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n ní, "Máa lọ sílé rẹ. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Nígbà tí oúnjẹ alẹ́ délẹ̀, wọ́n gbé e fún ọkọ wọn, wọ́n kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá jẹun."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Ẹ̀yin ni. Ọmọ bàbá kan náà ni wá. Ẹ ṣé tí ẹ tọ́jú mi láti kékeré."

Ìyálé mi kó aṣọ wọn kúrò ní yàrá, wọ́n lọ ń sùn ní yàrá àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí àlùfáà bá àwọn gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n àwọn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ olórí ẹbí wá kí wọn, ìyálé mi pàdé wọn lójúde. "Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ilé. Ìyàwó ni wọ́n ń wá. Tí ẹ bá mọ obìnrin tó dáa, ẹ bá wa wò ó, kó ṣáà má jẹ́ ọmọ E-M2. Ó jọ pé ó máa di Ṣáínà."

Èmi ò sí níbẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ fún mi pé àwọn baba ọ̀hún ò lè wọlé, ìgànná ni wọ́n fara tì, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí olórí ẹbí tún pe ìpàdé. Ọmọ mi wálé láti Ìbàdàn, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú. Olórí ẹbí wúkọ́.

"Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àṣìṣe wà nínú itọ́ yẹn. Ọmọkùnrin Ìlúmọba yẹn ti jẹ uyán nínú ulé wa kó tó tutọ́. Uyán ulé wa ni ẹ̀rọ òyìnbó rí lẹ́nu rẹ̀, tó fi pè é ní ọmọ wa. Kò sí ìbátan kankan. Èmi fúnra mi máa lọ bẹ àwọn àna wa n'Ílúmọba."

Àwọn ọkùnrin ilé mi orí. Ọkọ mi, tó gba oyè ní yunifásítì, mi orí.

Mo lanu. Iyán kì í ní bàbá. Àmì ọkùnrin kò sí nínú iṣu. Ẹ̀rọ tó ń yẹ itọ́ wò kì í ka oúnjẹ ní ọmọ èèyàn. Ká tiẹ̀ ní ó ń kà á, ọjà Ìsẹ̀ ni èmi fúnra mi ti ra iṣu ọjọ́ yẹn, kì í ṣe oko ìdílé wọn! Ó ti tò sí ẹnu mi, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn.

Olórí ẹbí yíjú sí mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kẹ́yìn. "Ìyàwó wa, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé. Ṣé kò lè rí bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọmọ mi fún mi lọ́wọ́ pọ̀. Ìyálé mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, wọn ò sì tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.

Mo kúnlẹ̀. "Ó lè rí bẹ́ẹ̀, bàbá. Iyán lágbára."

Wọ́n ti dá ọjọ́ mìíràn báyìí, àwọn ará Ìlúmọba sì ti gba ẹ̀bẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dán an wò pé òun kọ irú ọ̀rọ̀ iyán yẹn sínú ìdánwò mi, òdo ni màá fún un, màá sì fa ìlà pupa sí i nídìí. Àmọ́ ó di ẹ̀yìn ìgbéyàwó.